Bí Ológun Bá Fẹ́ Dá Sí Ogun Abẹ́lé Orílẹ̀-èdè Mìíràn: Kí Ni Wọ́n Ń Jiyàn Lé Lórí Gan-an?

Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2013, àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dìde lórí ìjókòó wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì pín sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ méjì. Bí wọ́n ṣe ń dìbò níbẹ̀ nìyẹn: ẹni tó bá fara mọ́ àbá á gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn á gba èkejì, wọ́n á sì máa kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnu ìsinmi ni wọ́n ti pè wọ́n padà wá. Ohun tó wà nílẹ̀ ni bóyá kí ìjọba wọn fi ohun ìjà dá sí ogun abẹ́lé Síríà, nítorí gáàsì olóró tó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ghouta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Damásíkù, ní ọjọ́ mẹ́jọ ṣáájú. Nígbà tí wọ́n kà á tán, 272 ló wà lẹ́yìn ìjọba, 285 ló kọ̀. Mínísítà méjì kò tilẹ̀ dìbò rárá: inú yàrá kan ni wọ́n wà tí wọ́n ń jíròrò lórí ọ̀rọ̀ Rùwáńdà, wọn kò sì gbọ́ agogo.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 2011, ilé aṣòfin yìí kan náà ti dìbò lórí ogun Líbíà. Àwọn 557 ló fọwọ́ sí i nígbà náà, àwọn 13 péré ló kọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ìyà tó ń jẹ ará Síríà kéré sí èyí tó jẹ ará Líbíà, nítorí pé kí oṣù keje ọdún 2013 tó parí ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti kéde pé àwọn tó ti kú nínú ogun Síríà lé ní 100,000. Bó bá jẹ́ pé bí ìyà bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n fi ń pinnu, Síríà ni ìbá kọ́kọ́ rí ìrànlọ́wọ́ gbà. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú, tí wọ́n fi ń rò pé ìwà àgàbàgebè lásán ni gbogbo rẹ̀. Àgàbàgebè wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan.

Lójú tèmi, ohun tó ń da àríyànjiyàn náà rú ni pé a máa ń fi ìdáhùn ìbéèrè kan dáhùn òmíràn. Ẹnì kan á gbé àwòrán ọmọdé tó kú sókè, á ní, “Ṣé a ó máa wò wọ́n níran ni?” Ẹnì kejì á fèsì pé òfin àgbáyé kò gbà á. Ẹnì kẹta á ní, “Ìráàkì ńkọ́?” Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè máa sọ òótọ́, síbẹ̀ kí wọ́n má tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ rárá. Ti àkọ́kọ́ ni bóyá ó yẹ. Ti èkejì ni bóyá àṣẹ wà. Ti ẹ̀kẹta ni bóyá ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe yóò ṣeé ṣe. Ìbéèrè kẹrin tún wà tí olóṣèlú kì í fẹ́ kí wọ́n bi òun, òun náà ni ta ni yóò dúró síbẹ̀ nígbà tí ìbọn bá dákẹ́. Àánú ló ń mú wa béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò lè dáhùn àwọn mẹ́ta tó kù.

Ká tó kan ìyẹn, ọ̀rọ̀ náà “dídá sí” fẹ̀ ju bó ṣe ń dún létí lọ. Orílẹ̀-èdè tó ń ta ìbọn fún ìhà kan ti dá sí ogun náà, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó ń kọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ bí a ti ń jagun ní ilẹ̀ tó múlé tì wọ́n. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí la tó kan bàálù tó ń ju àdó olóró, àwọn ọmọ ogun apẹ̀tùsááwọ̀, àti àwọn ọmọ ogun tó ń fẹsẹ̀ wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Ewu wọn kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè ṣe kò jọra.

Àwọn apẹ̀tùsááwọ̀ ni mo rí i pé a máa ń ṣì mọ̀ jù lọ. A máa ń rò pé ọmọ ogun tí wọ́n rán lọ jà ni wọ́n. Ibi tí àwọn oníjà bá ti gbà láti ṣíwọ́ ni wọ́n máa ń rán wọn lọ, kí wọ́n lè dúró sáàárín, kí wọ́n sì máa ṣọ́ àdéhùn. Ohun ìjà ọwọ́ wọn kì í sì í pọ̀. Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde lọ́dún 1993 pé ìlú Srebrenica ní Bósníà jẹ́ ibi ààbò, wọ́n sì kó àwọn ọmọ ogun díẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Sáàbù (Serb), ẹ̀yà kan lára àwọn tó ń jagun ní Bósníà, ya wọ ìlú náà ní oṣù keje ọdún 1995, ọgọ́rùn-ún mélòó kan ọmọ ogun Nẹ́dálándì ni wọ́n bá níbẹ̀. Nǹkan bí 8,000 ọkùnrin àti ọmọkùnrin ni wọ́n kó lọ pa. Aṣọ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wà lọ́rùn àwọn ọmọ ogun náà, àmọ́ wọn kò ní ohun ìjà tí wọ́n lè fi mú ìlérí ibi ààbò náà ṣẹ.

Ní ti àṣẹ, ìwé àdéhùn tí wọ́n fi dá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sílẹ̀ lọ́dún 1945 kà á léèwọ̀ pé kí orílẹ̀-èdè kan fi ogun ko òmíràn lójú. Ọ̀nà àbáyọ kò pọ̀. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n bá gbógun tì lè gbèjà ara rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Ààbò náà lè pàṣẹ pé kí wọ́n lo agbára, bó bá rí i pé àlàáfíà àgbáyé wà nínú ewu. Ẹ̀kẹta, tí àwọn ènìyàn kì í sábà rántí, ni pé ìjọba orílẹ̀-èdè kan lè fúnra rẹ̀ pe ológun òkèèrè wá sórí ilẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta yìí máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá ronú jìnlẹ̀ sí i. Ìjọba tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó ń pa ará ìlú rẹ̀ lè pe alágbára òkèèrè kó wá gbèjà òun, bí Bashar al-Assad, ààrẹ Síríà nígbà náà, ti pe Rọ́ṣíà, tí bàálù wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í já àdó olóró sílẹ̀ ní Síríà ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015. Àwọn tó ń bá ìjọba jà kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1986 ni ilé ẹjọ́ àgbáyé dá Amẹ́ríkà lẹ́bi nítorí pé ó ń fún àwọn ọlọ̀tẹ̀ Nikarágúà ní ohun ìjà àti ẹ̀kọ́ ogun. Àmọ́ ta ni ìjọba gan-an, bí orílẹ̀-èdè bá ti pín sí méjì? Lọ́dún 2015, Ààrẹ Hadi ti Yẹ́mẹ̀n ti sá kúrò ní olú ìlú rẹ̀ kó tó béèrè ìrànlọ́wọ́, àwọn ọ̀tá rẹ̀ ló sì wà nínú àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba. Síbẹ̀, ìpè rẹ̀ ni Saudi Arabia àti àwọn alájọṣe rẹ̀ tọ́ka sí nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ju àdó olóró ní ìparí oṣù kẹta ọdún náà. Àwọn amòfin kò tíì yanjú ọ̀rọ̀ yìí láàárín ara wọn.

Ìgbìmọ̀ Ààbò ní tirẹ̀ ní ọmọ ẹgbẹ́ 15. Kí àbá tó lè dòfin níbẹ̀, 9 nínú wọn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, àwọn márùn-ún tó wà níbẹ̀ títí láé, ìyẹn Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Ṣáínà, Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì gbọdọ̀ lòdì sí i. Ẹ kíyè sí i pé kí ẹnì kan nínú wọn dákẹ́ kò pa àbá. Bí ti Líbíà ṣe kọjá nìyẹn ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2011: 10 fọwọ́ sí i, 5 káwọ́ gbera, Rọ́ṣíà àti Ṣáínà sì wà lára àwọn márùn-ún náà. Nàìjíríà, Gúúsù Áfíríkà àti Gàbọ́ọ̀nù, tí wọ́n wà lórí ìjókòó lórúkọ Áfíríkà nígbà náà, wà lára àwọn mẹ́wàá tó fọwọ́ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ń wá ọ̀nà àtifi ẹnu yanjú ọ̀rọ̀ náà. Kò tó oṣù méje lẹ́yìn náà tí wọ́n gbé àbá tó dẹ̀ ju ìyẹn lọ wá lórí Síríà, tí kò sọ̀rọ̀ ogun rárá. Rọ́ṣíà àti Ṣáínà pa á. Ohun tí aṣojú Rọ́ṣíà tọ́ka sí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Líbíà.

Ẹni tó bá ń tẹ́tí sí irú àríyànjiyàn yìí á ti gbọ́ nípa ìlànà kan tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí lọ́dún 2005, pé bí ìjọba kan kò bá dáàbò bo àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́wọ́ pípa ẹ̀yà run, ìwà ọ̀daràn ogun, lílé ẹ̀yà kan kúrò lórí ilẹ̀ wọn, tàbí ìwà ọ̀daràn sí ọmọ ènìyàn, ẹrù ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo àgbáyé. Ó bá ohun tí àwọn àgbà wa ń sọ mu, pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àmọ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í mú ni pé ìlànà náà kò fún orílẹ̀-èdè kankan láyè láti dìde fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ààbò kan náà ló tún darí ọ̀rọ̀ sí. Ìwé òfin tí wọ́n fi dá Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà sílẹ̀ lọ́dún 2000 tilẹ̀ lọ jìnnà jù ú lọ, nítorí abala 4 rẹ̀ fún àjọ náà ní ẹ̀tọ́ láti wọ orílẹ̀-èdè tó bá wà lára rẹ̀ nígbà tí irú ìwà ọ̀daràn bẹ́ẹ̀ bá ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí NATO, ẹgbẹ́ ológun Amẹ́ríkà àti àwọn alájọṣe rẹ̀ ní Yúróòpù, fi ọjọ́ 78 ju àdó olóró sí Yugoslafíà lọ́dún 1999 nítorí ẹkùn Kósófò, láìgba àṣẹ Ìgbìmọ̀ Ààbò, ìgbìmọ̀ aládàáni kan tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́yìn náà sọ pé kò bófin mu, ṣùgbọ́n ó tọ̀nà. Gbólóhùn yẹn kò tíì jẹ́ kí àwọn amòfin sùn dáadáa láti ìgbà náà.

Ẹ jẹ́ ká wá fara balẹ̀ wo ìbéèrè kẹta, bóyá ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe yóò ṣeé ṣe, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dídùn ti ń bo iṣẹ́ kíkorò mọ́lẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń dábàá, èyí tó máa ń rọ ará ìlú lọ́rùn jù lọ ni pé kí wọ́n ṣáà ti òfurufú pa, kí bàálù ìjọba má lè fò láti lọ pa ènìyàn. Ó ń dún bí ìgbà tí ọlọ́pàá bá na ọwọ́ dá ọkọ̀ dúró. Ní oṣù kẹta ọdún 2011, Robert Gates, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ààbò Amẹ́ríkà nígbà náà, ṣàlàyé fún àwọn aṣòfin pé kíkọlu Líbíà ni ohun náà yóò fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé awakọ̀ òfurufú kò lè máa ṣọ́ ojú ọ̀run tí mísáìlì ti lè já a bọ́. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà, bàálù Faransé kọ́kọ́ jó àwọn ọkọ̀ ogun Gaddafi, olórí Líbíà, nítòsí Benghazi, ìlú tó wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀. Nígbà tó di alẹ́, ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ abẹ́ omi Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì yin mísáìlì tó lé ní 110 sí àwọn ẹ̀rọ rádà àti ibùdó mísáìlì tó wà létíkun. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ti òfurufú pa ti fọwọ́ sí gbogbo èyí, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ogun abẹ́lé, bàálù kọ́ ló ń pa ènìyàn jù. Ìbọn, àgbá àti táǹkì ni. Nígbà tí wọ́n ń pa àwọn ará Srebrenica, òfurufú Bósníà ti wà ní títì láti ohun tó lé ní ọdún méjì. Bàálù NATO ń fò lókè. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n fi kó àwọn tí wọ́n fẹ́ pa, ìbọn ni wọ́n sì fi pa wọ́n. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi bàálù gba ará ìlú là kì í pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í lépa àwọn táǹkì, lẹ́yìn náà àwọn ibi tí wọ́n ń kó ọta sí, lẹ́yìn náà ilé iṣẹ́ àwọn ọ̀gágun, títí yóò fi kan olórí fúnra rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Líbíà nìyẹn, n kò sì rò pé ìwà ẹ̀tàn nìkan ló fà á. Àṣẹ tí Ìgbìmọ̀ Ààbò pa ni pé kí wọ́n ṣe gbogbo ohun tó bá yẹ láti dáàbò bo ará ìlú, láìfi ọmọ ogun òkèèrè gba ilẹ̀ náà. Ó dára. Àmọ́ ìgbà wo ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ parí? Bí Gaddafi bá ṣì wà ní Trípólì, tó sì ní ọmọ ogun, Benghazi ṣì wà nínú ewu lọ́la. Ní oṣù kẹrin, Obama, Cameron àti Sarkozy, àwọn olórí Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé nígbà náà, jọ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé àwọn kò lè fojú inú wo Líbíà tí Gaddafi yóò ṣì máa ṣàkóso rẹ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, ikọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà, tí Jacob Zuma, ààrẹ Gúúsù Áfíríkà nígbà náà, wà lára wọn, ti gbé àbá ìlàjà lọ bá Gaddafi, ó sì gbà á. Àwọn tó wà ní Benghazi ló kọ̀ ọ́, nítorí pé kò sọ pé kí ọkùnrin náà lọ. Wọ́n pa Gaddafi ní ìlú Sirte ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá. Ní ọjọ́ 31 oṣù yẹn, NATO palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Ibẹ̀ ni ìbéèrè kẹrin ti dé bá wọn lójijì. Ohun ìjà tó wà nínú àwọn ilé ìṣúra Gaddafi tàn ká. Àwọn ọmọ ẹ̀yà Tuareg tó ti ń jagun fún un gbé tiwọn padà sí Málì, nígbà tó sì di ọdún 2012, àríwá Málì ti bọ́ kúrò lọ́wọ́ ìjọba. Líbíà fúnra rẹ̀ tún bọ́ sínú ogun abẹ́lé kejì lọ́dún 2014, ìjọba méjì sì ń du orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n bi Obama lọ́dún 2016 pé àṣìṣe wo ló tóbi jù nínú ìṣàkóso rẹ̀, ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn kò múra sílẹ̀ fún ọjọ́ kejì Líbíà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì gbà pé ó tọ́ kí àwọn dá sí i. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì kan sọ lọ́dún yẹn kan náà pé ìjọba kò yẹ ìròyìn ewu tó wà ní Benghazi wò dáadáa kó tó gbéra.

Àwọn tó fọwọ́ sí ogun náà ní èsì, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ: wọ́n ní bí àwọn kò bá lọ, Líbíà ìbá di Síríà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kò ní ẹlẹ́rìí, ìdí sì nìyẹn tí àríyànjiyàn yìí kì í fi í parí.

Èyí gbé wa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó máa ń sọ pé ó sàn kí wọ́n jókòó sílé. Wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé àìdásí kì í ṣe ìpinnu. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1936, oṣù kan lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé Sípéènì bẹ̀rẹ̀, orílẹ̀-èdè 27 ní Yúróòpù fohùn ṣọ̀kan pé àwọn kò ní dá sí i. Jámánì àti Ítálì fọwọ́ sí i pẹ̀lú wọn, wọ́n sì ń kó bàálù àti ọmọ ogun ránṣẹ́ sí Franco, ọ̀gágun tó ń bá ìjọba Sípéènì jà, nígbà tí tàdáwà tí wọ́n fi kọ ọ́ kò tíì gbẹ. Àwọn bàálù Jámánì ló ba ìlú Guernica jẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 1937. Ìjọba tí ará ìlú dìbò yàn ni kò rí ìbọn rà lọ́dọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tó pa àdéhùn mọ́. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Bósníà: Ìgbìmọ̀ Ààbò ti fòfin de títa ohun ìjà fún gbogbo Yugoslafíà láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1991, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn Sáàbù ni ohun ìjà àwọn ológun àtijọ́ wà, nítorí náà ẹni tí kò ní ìbọn ni òfin náà dè lọ́wọ́.

Ti Rùwáńdà lọ́dún 1994 ló burú jù. Àwọn ọmọ ogun apẹ̀tùsááwọ̀ bí 2,500 ti wà níbẹ̀ kí ìpakúpa tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin, wọ́n pa ọmọ ogun Bẹ́ljíọ̀mù mẹ́wàá lára wọn, Bẹ́ljíọ̀mù sì kó àwọn tó kù lọ sílé. Roméo Dallaire tó jẹ́ ọ̀gá wọn ní kí wọ́n fi ènìyàn kún òun. Ní ọjọ́ 21, Ìgbìmọ̀ Ààbò dín wọn kù sí 270. Nǹkan bí 800,000 ènìyàn ni wọ́n pa láàárín 100 ọjọ́, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ pé àdá ni wọ́n fi ṣá wọn pa. Àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà ń sá fún pípe ohun náà ní pípa ẹ̀yà run, kí wọ́n má bàa ní kí àwọn ṣe nǹkan kan. Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni Mogadíṣù, níbi tí wọ́n ti pa ọmọ ogun wọn 18 ní oṣù kẹwàá ọdún 1993, oṣù mẹ́fà péré ṣáájú, nínú iṣẹ́ tó jẹ́ pé oúnjẹ ni wọ́n torí rẹ̀ lọ sí Sòmálíà lákọ̀ọ́kọ́.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ti ń fa ọ̀rọ̀. Nítorí Sòmálíà, wọn kò lọ sí Rùwáńdà. Ìtìjú Rùwáńdà àti Srebrenica ló jẹ́ kí wọ́n yára lọ sí Kósófò. Nítorí ogun Ìráàkì ọdún 2003, níbi tí wọn kò ti rí ohun ìjà olóró tí ìjọba sọ pé ó wà níbẹ̀, àwọn aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì kò gbẹ́kẹ̀ lé ìròyìn aláṣẹ mọ́ lọ́dún 2013, ohun tí wọ́n sì rí ní Líbíà kò mú kí ọkàn wọn balẹ̀. Ogun tó kọjá ni wọ́n sábà máa ń dìbò lé lórí, kì í ṣe èyí tó wà níwájú wọn.

Ǹjẹ́ ó ti so èso rere rí? Bẹ́ẹ̀ ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ RUF ní Sierra Leone ti mú ọmọ ogun apẹ̀tùsááwọ̀ bí 500, tí wọ́n sì ń sún mọ́ Freetown, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dé. Kíkó àwọn àjèjì kúrò ni wọ́n kọ́kọ́ bá wá. Wọ́n gba pápákọ̀ òfurufú Lungi mọ́wọ́, wọ́n dúró ti ìjọba tó wà lórí oyè, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ níṣẹ́, nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń fi ènìyàn kún tirẹ̀ títí wọ́n fi lé ní 17,000. Ní oṣù kìíní ọdún 2002, wọ́n kéde pé ogun ti parí. Ìjọba tó pè wọ́n wà, ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe kéré, ó sì ṣe kedere, àwọn tí yóò dúró lẹ́yìn wọn sì ti wà nílẹ̀. Ní Làìbéríà tó múlé tì í, àwọn ọmọ ogun ECOMOG tí Nàìjíríà ṣáájú ti gúnlẹ̀ sí Monrovia ní oṣù kẹjọ ọdún 1990 pé àwọn wá làjà, ṣùgbọ́n ọ̀tá ni Charles Taylor, olórí ọlọ̀tẹ̀, kà wọ́n sí láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò tó oṣù kan tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ mìíràn mú Ààrẹ Samuel Doe ní ibùdó ECOMOG létíkun, tí wọ́n sì pa á. Ọdún méje ni ECOMOG fi wà lẹ́nu rẹ̀ kí Taylor yẹn kan náà tó wọlé ìbò gẹ́gẹ́ bí ààrẹ.

Ẹni tó ń pàṣẹ nílé yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Jámánì kì í rán ọmọ ogun lọ jà láìgba àṣẹ ilé aṣòfin. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1973 fún ààrẹ ní 60 ọjọ́ kó tó gba àṣẹ, Obama sì ní ohun tí àwọn ń ṣe ní Líbíà kò tó ohun tí òfin náà ń pè ní ogun. Abala 5 ìwé òfin Nàìjíríà ní kí ààrẹ gba àṣẹ ilé aṣòfin àgbà kó tó rán ọmọ ogun lọ jà lẹ́yìn odi, àyàfi bí ewu bá ti dé ẹnu ọ̀nà, nígbà tó lè rán wọn lọ ná, kó sì wá béèrè láàárín ọjọ́ 7. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àṣà lásán ni, kì í ṣe òfin: nígbà tí Theresa May, olórí ìjọba wọn nígbà náà, ju mísáìlì sí Síríà ní oṣù kẹrin ọdún 2018, kò dúró de ìbò kankan.

Bí mo bá ń gbọ́ ẹni tó ń polongo pé kí ológun lọ, ohun tí mo máa ń tẹ́tí sí ni iṣẹ́ tó ní kí wọ́n lọ ṣe. Ṣé kí wọ́n dáàbò bo ènìyàn ni, àbí kí wọ́n la ìjà? Ṣé kí wọ́n lé olórí kúrò ni, àbí kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́? Ẹni tó fẹ́ la ìjà kò lè máa bá ìhà kan lé èkejì. Ẹni tó fẹ́ lé olórí kúrò gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò gorí àga. Fífìyà jẹni ló rọrùn jù, nítorí pé wọ́n lè ṣe é láti orí omi, kí wọ́n sì padà sílé, ṣùgbọ́n ogun náà yóò ṣì máa lọ lẹ́yìn wọn.

Ìyà ni Amẹ́ríkà fẹ́ fi jẹ Síríà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013. John Kerry, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Amẹ́ríkà nígbà náà, fúnra rẹ̀ sọ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 9 pé ohun tí àwọn fẹ́ ṣe yóò kéré gan-an. Nínú ìpàdé oníròyìn kan náà, wọ́n bi í bóyá Assad lè ṣe ohun tí kò fi ní jẹ́ kí wọ́n kọlu òun. Ó ní bó bá kó gbogbo gáàsì olóró rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Rọ́ṣíà di ọ̀rọ̀ yẹn mú. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn ní Geneva, nígbà tó sì di oṣù kẹfà ọdún 2014, ọkọ̀ òkun ti kó èyí tó kẹ́yìn lọ nínú nǹkan bí 1,300 tọ́ọ̀nù tí Síríà sọ pé òun ní. Kò sí mísáìlì kan tí wọ́n yìn. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 2017, gáàsì olóró tún pa ènìyàn ní Khan Shaykhun, àwọn olùṣèwádìí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì ní ọwọ́ ìjọba Síríà ló ti wá. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Amẹ́ríkà yin mísáìlì 59 sí pápá bàálù kan, ogun náà sì ń bá a lọ. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 2024, àwọn ọlọ̀tẹ̀ Síríà wọ Damásíkù, Assad sì sá lọ sí Rọ́ṣíà.

Nínú àwọn tó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ méjèèjì lálẹ́ ọjọ́ yẹn ní Lọ́ńdọ̀nù, a ṣì ń rí ẹni tó ń tọ́ka sí Síríà pé òun ni ẹ̀rí pé òun jàre.